Mo Jẹ́wọ́, Wọ́n Pàtẹ́wọ́

Àwọn ọmọ àdúgbò wa nítòsí Challenge máa ń yà sọ́dọ̀ mi bí wọ́n bá ti ṣe tán ní iléèwé girama. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Bàbá Mùfú, ṣé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?" Màá ní kí wọ́n jókòó. Kò ní pẹ́ tí ìyàwó mi á yọjú láti ilé ìdáná, á ní, "Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ o!" Èmi ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, kò sì sọ mí di olè. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí ènìyàn ròyìn iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, kò yẹ kó máa ka ibi tó dùn nìkan. Tèmi ní ibi kan tí ojú ń tì mí láti dé, n ó sì dé ibẹ̀.

Ohun tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni pé mo ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Unix, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ láti inú, àti Linux tó jẹ́ bí àbúrò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, èmi ni n ó wo ohun tí kò sí nínú rẹ̀, n ó sì fi í sí i. Ohun tó sì máa ń sọnù jù ni kọ̀ǹpáílà. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ ní èdè tí ènìyàn lè kà. Ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè yẹn. Kọ̀ǹpáílà ni ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, bó o ti wù kó o gbọ́n tó, kọ̀ǹpútà á kàn máa wò ọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fà mí lé Ọ̀gá Dìran lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, àkàbà rẹ̀ ṣókùnkùn, kọ̀ǹpútà ìgbà náà sì wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Èmi ni mò ń gbé wọn gòkè, èmi ni mò ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé gbọn eruku inú wọn. Ó pẹ́ kí Ọ̀gá tó ní kí n jókòó síwájú ọ̀kan.

Ọ̀gá Dìran kì í na ènìyàn. Ká ní ó ń na ènìyàn ni, ìyẹn ì bá sàn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ọ̀gá, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe eléyìí, sà?"

"O ti bi í?"

"Ta ni, sà?"

"Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ. Àbí mo jọ ìwé lójú rẹ ni?"

Àwọn tó ṣe Unix ti kó ìwé ìlò gbogbo irinṣẹ́ wọn sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. O tẹ man, o tẹ orúkọ irinṣẹ́ náà, ojú ìwé á yọ sí ọ. Ọ̀gá á ní kí n ka ojú ìwé náà sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, lójú oníbàárà tó bá wà níjókòó. Gẹ̀ẹ́sì mi nígbà náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò ní rẹ́rìn-ín. Á kàn ní, "Tún un kà." Ojú tì mí títí, mo ń ra ìwé ìròyìn àná lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀, mo ń kà á fún ara mi bí mo bá ń rìn lọ sílé. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí tèmi gbóná dáadáa.

Orí díìsìkẹ́ẹ̀tì ni kọ̀ǹpáílà ń gbé nígbà náà, àwọn pẹlẹbẹ dúdú tó kún ìdì kan. O fi èyí sí i, o yọ ọ́, o fi èyí tó tẹ̀ lé e sí i. Bí ọ̀rinrin bá ti ba ẹyọ kan ṣoṣo jẹ́, gbogbo rẹ̀ dòfo, o ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọ̀gá ń kó tirẹ̀ sínú agolo bísíkíìtì, ó da ìrẹsì gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè máa fa ọ̀rinrin. Ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó rí ìrẹsì náà, ó ní, "Ẹ wo ibi tí oúnjẹ ọmọ mi wà!" A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá, Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní àṣà kan tí mi ò rí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn rí. Kó tó gbà kí ẹ̀rọ kan jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó sí i bí ẹni pé òun ló ni ín, kó kọ iṣẹ́ kékeré kan tó máa kí oníbàárà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kó fi kọ̀ǹpáílà sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ. Bí "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Bánkẹ́" bá yọ lójú ẹ̀rọ, tí ojú ìwé ìlò kan sì ṣí, nígbà náà lo tó lè sọ pé ó ti parí. Ọ̀gá máa ń ní, "Ẹ̀rọ tí kò bá lè kí olówó rẹ̀, kò tíì ṣeé gbé délé." Ọjọ́ tó fún mi ní òmìnira iṣẹ́, lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, kò gbàdúrà gígùn. Ó ní, "Mùfútáù, ẹni tó bá fún ènìyàn ní irinṣẹ́ láìfún un ní ìwé rẹ̀, àdá tí kò ní èèkù ló fún un." Mo ní, "Àmín, sà," bí ẹni pé àdúrà ni. Ìmọ̀ràn ni.

Lẹ́yìn náà ni iléèwé kọ̀ǹpútà kan ní Bódìjà gbà mí, ibẹ̀ ni mo sì wà títí irùngbọ̀n mi fi funfun. Díìsìkẹ́ẹ̀tì kú, sídíì rọ́pò rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì wá dé, ohun tó ń gbà wá ní odindi ọjọ́ di ìlà kan ṣoṣo tí ènìyàn máa tẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní Àgbowó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Bàbá, gbogbo ohun tí ẹ fi ọdún kọ́ rèé o." N ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti ń yá sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe Linux ń gé e kúrú sí i kó lè fúyẹ́. Wọ́n yọ kọ̀ǹpáílà, wọ́n yọ ìwé ìlò, ẹni tó bá fẹ́ wọn kó wá wọn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ á tàn, á mọ́lẹ̀ rokoṣo, ẹ ò ní mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo àfìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́.

Àgbà ọlọ́lá kan tó ń gbé ní Onírèké ra kọ̀ǹpútà tuntun kún yàrá kan fún iléèwé wa. Baba Olóore ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní òun fúnra òun á wá ṣí yàrá náà, àti pé òun á mú akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́jọ́ náà tí òun á tọ́ parí. Màdáámù tó ni iléèwé mú Títílayọ̀ pé òun ni kó wá síwájú Baba. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Bàbá ọmọ náà ń lẹ táyà ní Ṣàngó kó tó kú, ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ, agbára ìyá sì ti pin. Bí Baba ò bá mú un, ilé ló kàn. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo rí, òun nìkan ló máa ń bi ẹ̀rọ kó tó bi mí.

Àwọn kọ̀ǹpútà náà pẹ́ kí wọ́n tó dé, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni. Èmi ni mo fi Linux sínú wọn, wọn ò sì tíì fa íńtánẹ́ẹ̀tì dé yàrá tuntun náà. Epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán. Ẹ̀rọ bi mí bóyá Linux pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ tàbí èyí tó kéré jù. Mo yan èyí tó kéré jù. Mo ní n ó tètè dé láàárọ̀, kí n fi kọ̀ǹpáílà àti ìwé ìlò kún un láti inú díìsìkì tó wà nínú àpò mi. Mi ò jẹ́ kí ẹyọ kan nínú wọn kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, wọ́n ti ta rìbọ́n pupa sẹ́nu ọ̀nà. Pásítọ̀ ti ta òróró sára gbogbo ẹ̀rọ, Àlùfáà ti ṣe àdúrà tirẹ̀. Màdáámù dúró síwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú gèlè.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ó ku nǹkan díẹ̀ tí mo fẹ́ ṣe nínú."

"Kí ló kù? Àbí wọn ò tàn ni?"

"Wọ́n ń tàn, mà."

"Wọ́n ń tàn, ó parí nìyẹn. Bàbá Mùfú, wọ́n ti gbàdúrà sí yàrá yìí. Ẹsẹ̀ Baba ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ lẹ́yìn àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún mi."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ wọ ibi tuntun jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bàtà iṣẹ́ mi ba oríire iléèwé jẹ́? Mo lè sọ pé ojú á ti ọmọ yìí bí mi ò bá wọlé. Mi ò sọ ọ́. Mo ní, "Ó dáa, mà." Màdáámù ti sọ fún wa pé Baba á kàn bi ọmọ náà ní ìbéèrè díẹ̀ ni, mo sì rò pé bí wọ́n bá ti gé rìbọ́n, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n lọ jẹun, n ó yọ́ wọlé lọ ṣe é. Aṣọ rìbọ́n tí ọmọdé lè fi eyín já ló dá mi dúró.

Baba gé rìbọ́n, gbogbo wa wọlé. Màdáámù pe Títílayọ̀ síwájú. Ó kúnlẹ̀ kí Baba, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí. Baba gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Jókòó, ṣe nǹkan kí n fojú rí i."

Ọmọ náà jókòó, ó kọ iṣẹ́ kan tó ń gba máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń tò wọ́n láti orí ẹni tó ṣe dáadáa jù. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kò gbọ̀n. Ó wá pe kọ̀ǹpáílà. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ tún sọ ohun kan náà. Ó pe ìwé ìlò, ẹ̀rọ ní kò sí ìwé níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá nínú aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà, ètè rẹ̀ ń mì. Títílayọ̀ gbójú sókè wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará àdúgbò.

"Ṣé kò lè ṣe é ni?" Baba béèrè.

Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀bi ọmọ yìí kọ́. Èmi ni mi ò fi irinṣẹ́ sínú àwọn ẹ̀rọ yìí. Ohun tó fẹ́ lò kò sí níbẹ̀. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, díìsìkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Baba wo irùngbọ̀n mi, ó wo fìlà mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ o! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá yìí fẹ́ gba ẹ̀bi ọmọ náà rù!"

"Òótọ́ ni mò ń sọ, sà."

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ọlọ́run ti rí yín. Irú yín ò pọ̀ mọ́ nílẹ̀ yìí."

Olóòtú ètò já gbohùngbohùn gbà, ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Bàbá!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Pásítọ̀ pàtẹ́wọ́, Àlùfáà pàtẹ́wọ́, ìyá Títílayọ̀ náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, Baba béèrè bóyá a ní ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin kan jáde, ó fi àwòrán aláwọ̀ mèremère hàn án, wọ́n ń fò lójú ẹ̀rọ. Inú Baba dùn, ó mú un.

Ká ní wọ́n bú mi ni, n ó gbà. Wọ́n yìn mí, ìyìn náà ni mi ò lè gbà.

Nígbà tí wọ́n kó lọ síbi oúnjẹ, mo dúró sẹ́yìn, mo fi kọ̀ǹpáílà àti ìwé ìlò sínú ẹ̀rọ tí ọmọ náà lò. Kò gbà mí ní àkókò tí ènìyàn á fi jẹ ẹ̀bà tán. Iṣẹ́ tó kọ ṣì wà níbẹ̀. Mo fi kọ̀ǹpáílà túmọ̀ rẹ̀. Kò sí àléébù kan, máàkì tò gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Mo sunkún níbẹ̀.

Mo lọ bá Baba ní Onírèké lọ́sẹ̀ náà kí n tún un sọ. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ mi ti pọ̀ jù, ó fún mi ní aago ara ògiri tí àwòrán tirẹ̀ wà lójú rẹ̀. Mo gba ibẹ̀ lọ sí Ṣàngó. Ìyá Títílayọ̀ kúnlẹ̀ nígbà tó rí mi, ó ń dúpẹ́ pé mo gbìyànjú láti bo ọmọ òun láṣìírí.

"Ìyá, ẹ dìde. Mi ò bo àṣírí kankan. Ọmọ yín mọ iṣẹ́ rẹ̀."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́, Bàbá. Kò mọ̀ ọ́n tó ni. A ti gba fún Ọlọ́run."

Títílayọ̀ sìn mí dé títì. Mo sọ fún un pé mo ti dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó dára láìní àbàwọ́n.

"Mo mọ̀, sà," ló wí.

Mo bi í pé kí ló dé tí òun náà ò sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ dìde fún mi, sà. Bí mo bá ní ẹ̀bi yín ni lóòótọ́, wọ́n á ní ọmọ tí kò mọ oore ni mí."

Kò padà sí iléèwé. Ó lọ kọ́ títún kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe ní Àgbowó, ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò yéé sọ fún aládùúgbò pé wọ́n fún ọmọ òun láyè, kò lè lò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dé etí mi. Ní Bódìjà, Màdáámù sọ ìtàn mi di ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Bí mo bá ní òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà, á ní, "Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!" Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọn ò sọ fún wa ohun tó yá ju ìyìn tí kì í ṣe tẹni.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tún fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ kó má kí olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ṣe dáadáa lẹ́yìn ọ̀ràn kì í tún ọ̀ràn ṣe. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí léèrè, ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó mú iṣẹ́ wa: ìwọ lo máa gbàgbé irinṣẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa rò pé kò mọ̀wé.

Nígbà tí mo máa fẹ̀yìn tì, iléèwé kó ènìyàn jọ láti dá mi lọ́lá. Wọ́n wọ̀ mí ní agbádá. Títílayọ̀ wá, ó ti di ìyá ọmọ, ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Màdáámù dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́, Títílayọ̀ kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀." Kò kọjú sí Màdáámù. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí. "Màámi, òótọ́ ni Bàbá sọ lọ́jọ́ yẹn. Irinṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀rọ. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ náà."

Ìyá náà di arúgbó báyìí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó rọra dìde, ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó wo ojú mi dáadáa.

"Bàbá Mùfú, ọmọ mi mọ̀ ọ́n?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Ìyá. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ní àbàwọ́n."

"Kí ló wá ṣe yín tẹ́ ẹ fi jókòó nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, tèmi ti agbádá tí wọ́n fi dá mi lọ́lá. Ó pẹ́ kó tó ní kí n dìde.